Wọn Kò Tíì Dá Iná Sí I

Rélùwéè kan wà ní Lákọ̀wé tí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí kò wọ̀ rí, ẹ kò sì ní wọ̀ ọ́ láé. Ẹ̀ńjíìnì rẹ̀ kò gùn tó rúlà ọmọ ilé ìwé. Ojú irin rẹ̀ kò fẹ̀ ju ìka kan lọ. Orí tábìlì pákó ló ń gbà kọjá, nínú yàrá bọ́ìsì kọ́tà tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Pláíwúùdù márùn-ún la fi ṣe tábìlì náà: mẹ́ta tò tẹ̀ lé ara wọn, méjì yà sí ọ̀tún bí apá tí èèyàn ká kò. Ìdí tí mo fi ń kọ nípa rẹ̀ fún ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni pé orí tábìlì yẹn ni mo ti rí i pé sílébù kan ṣoṣo lè mú kí àgbà àti ọmọdé má bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Bàbá Àgbà la ń pè wọ́n nínú ẹbí. Ẹnjiníà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n wà lára àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà tí wọ́n kó lọ sí Soviet Union láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ́ irin, kí wọ́n lè padà wá ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ irin Àjàòkúta, tó wà ní ìpínlẹ̀ Kogí lónìí. Wọ́n padà dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí, kóòtù òtútù kan, àti ẹ̀ńjíìnì rélùwéè kékeré kan tí orúkọ Piko wà lára rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní Jámánì apá ìlà oòrùn ti ìgbà náà. Kóòtù ti gbó. Ẹ̀ńjíìnì ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ọdún 2022 ni mo bá wọn dé ìdí iṣẹ́ yìí, nígbà tí àwọn yunifásítì wà ní títì fún oṣù mẹ́jọ. Ọdún kìíní ni mo wà nígbà náà. Bàbá mi ní n kò ní jókòó sílé kí n máa tẹ fóònù látàárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n ní kí n lọ ran ẹ̀gbọ́n àwọn lọ́wọ́ ní Lákọ̀wé. Mo rò pé iṣẹ́ ọgbà ni. Nígbà tí mo débẹ̀, Bàbá Àgbà fi rúlà onírin kan lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, "Gbogbo ohun tí o bá rí láyé, fi 87 pín in."

Ìwọ̀n tí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ń pè ní HO nìyẹn. Ohun tó bá gùn ní mítà 87 lójú ayé, mítà kan ni yóò jẹ́ lórí tábìlì. Bàbá Àgbà kò kàn ṣà á yàn. Ojú irin tó ti Itakpe gba Àjàòkúta lọ sí Warri jẹ́ irú èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò, mìlímítà 1,435 láti irin kan sí èkejì. Ẹ fi 87 pín in, mìlímítà 16.5 ni yóò fún yín, òun gan-an sì ni ìbú ojú irin HO tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ká ní rélùwéè àtijọ́ tó dé Ìbàdàn ní 1901 la fẹ́ ṣe ni, mìlímítà 1,067 ni tiẹ̀; bí a bá pín in, díẹ̀ ló fi lé ní 12, à bá máa wá irú ojú irin mìíràn.

Ìṣirò kan náà ló fi hàn wá pé a kò lè ṣe gbogbo rẹ̀. Ojú irin Itakpe sí Warri lé ní kìlómítà 300. Bí a bá fi 87 pín in, ó ṣì lé ní kìlómítà mẹ́ta. A ó ti jáde ní géètì, a ó ti bọ́ sí títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, àwọn trélà tó ń lọ sí èbúté Lẹ́kí àti iléeṣẹ́ ìfọpo Dangote yóò sì ti tẹ̀ ẹ́ pa. Nítorí náà, a gé e. Itakpe wà ní igun kan pẹ̀lú òkè tí wọ́n ti ń wa òkúta irin. Àjàòkúta gba gbogbo àárín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Odò Ọya tí a fi bánńíṣì ṣe. Warri wà ní ìparí apá tó ká kò. Gbogbo igbó àti ìlú tó wà láàárín Àjàòkúta àti Warri, kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan ló dúró fún un. Ọkọ̀ á wọ abẹ́ rẹ̀, á jáde ní òdì kejì. Bí àlejò bá bèèrè, Bàbá Àgbà á ní, "Agbor wà nínú kọ́tìnnì."

Iléeṣẹ́ irin náà ló gba àkókò jù. Ó lé ní ọdún méjì, nítorí pé lẹ́yìn tí ilé ìwé wọlé, ìgbà ọlidé nìkan ni mo ń ráyè wá. Páìpù omi tó nípọn la fi ṣe ìléru ńlá. A fi iná rà á kó lè tín-ín-rín lọ́rùn. Àwọn ilé gíga mẹ́ta tó dúró tì í, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbóná kó tó wọ inú ìléru, agolo mílíìkì tí a tò léra ni. Bọ́ọ̀lù tẹnísì orí tábìlì tí a gé sí méjì la fi bo orí wọn. Sítíróò la fi ṣe àwọn páìpù afẹ́fẹ́, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ojú fèrèsé la fi ṣe ibi tí òṣìṣẹ́ ń rìn lókè. Èédú tó ṣẹ́ kù lábẹ́ ààrò ìyá alágbàdo ìkóríta la lọ̀ ṣe èédú òkúta. Iyanrìn Lákọ̀wé funfun, kò jọ òkúta irin rárá, nítorí náà Bàbá Àgbà bu ilẹ̀ pupa bọ̀ láti Ìjẹ̀bú nínú àpò ráìsì, a sẹ́ ẹ, a pò ó mọ́ èédú kúnná.

Ohun tó fa ìdádúró jù ni pé Bàbá Àgbà kì í jẹ́ kí n lẹ ohunkóhun mọ́ ibì kan láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èmi, ọmọ kíláàsì áàtì, ṣe mọ bí irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ ojú irin á kó òkúta irin dé. Òkúta ẹfun náà á dé. Òun ni yóò gba ìdọ̀tí inú òkúta irin mọ́ra. Wọ́n á ti yan èédú òkúta nínú ààrò tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, títí yóò fi di kóòkì. Kì í ṣe gbogbo èédú ló sì ń di kóòkì tó dára: ti Enugu kì í dì í, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kí wọ́n ra èédú láti òkè òkun wà nínú ètò Àjàòkúta. Àpótí onírin á wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gòkè, á dà wọ́n sí ẹnu ìléru ní ìpele ìpele. Afẹ́fẹ́ gbígbóná á gba ìdí wọlé, á pàdé ohun tó ń bọ̀ láti òkè. Irin yíyọ́ wúwo, á rọ̀ sísàlẹ̀. Ìdàrọ́ á léfòó lórí rẹ̀. Wọ́n á ṣí ihò fún ìkọ̀ọ̀kan.

Bí wọ́n bá sì ti dá iná sí irú ìléru bẹ́ẹ̀, wọn kì í ṣàdédé pa á. Tọ̀sán tòru ló máa ń jó, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí tí rélùwéè fi ṣe pàtàkì nìyẹn. Bàbá Àgbà máa ń sọ pé ìléru kì í gba ààwẹ̀.

Tiwa ní Lákọ̀wé máa ń gbà á. Fóltì 12 ni ọkọ̀ wa ń lò, àmọ́ tí iná bá ti lọ, tí bátìrì sì ti rẹ̀, Itakpe àti Warri á dúró sójú kan. Afẹ́fẹ́ òkun àti ti ọ̀sà pàdé lágbègbè yìí, ọ̀rinrin kì í tán lára ògiri. Ní òjò àkọ́kọ́ tí a jọ rí, pláíwúùdù wú, Warri ga sókè ju Àjàòkúta lọ, ọkọ̀ ń yẹ̀ lórí irin níbi tí pákó méjì ti pàdé. A tú gbogbo rẹ̀, a fi ọ̀dà kun abẹ́ pákó ní ẹ̀ẹ̀mejì, a sì tún un tò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn tòótọ́ náà ní ṣókí, nítorí pé orí rẹ̀ ni ìjà wa dá lé. Ọdún 1979 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ Àjàòkúta sílẹ̀, ọdún yẹn náà sì ni ìjọba bá Tyazhpromexport, iléeṣẹ́ Soviet, ṣe àdéhùn láti kọ́ ọ. Ìpele àkọ́kọ́ nìkan, mílíọ̀nù 1.3 tọ́ọ̀nù irin lọ́dún ni wọ́n fojú sùn. Ààrẹ Shagari fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ní 1980, wọ́n sì ṣí ọ̀kan nínú àwọn ilé tí wọ́n ti ń tẹ irin gbígbóná di ọ̀pá ní 1983. Ilé yẹn ṣiṣẹ́, irin tí wọ́n gbé wá láti ibòmíràn ni wọ́n sì ń tẹ̀ níbẹ̀. Ọdún 1987 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ojú irin tí yóò máa kó òkúta irin láti Itakpe. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 ni Ààrẹ Buhari ṣí i, ọdún 33 lẹ́yìn náà. Ọkọ̀ èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí rẹ̀. Ojú irin tí wọ́n là nítorí irin, èèyàn ló ń gbé. Ìléru ńlá alára, ọkàn gbogbo iṣẹ́ náà, wọn kò dá iná sí i rí.

Ní Disemba tó kọjá, ó ku ká kọ orúkọ sí ara ohun kọ̀ọ̀kan. Bàbá Àgbà ní èmi tí mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè ni kí n kọ ọ́, kí ó sì jẹ́ Yorùbá, nítorí àwọn ọmọ àdúgbò tó máa ń wá wòran. Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ kò ní tó. Àmọ́ ọ̀rọ̀ pọ̀. Ìléru wà nínú Bíbélì, òun ni wọ́n ju àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta sí nínú ìwé Dáníẹ́lì. Ẹwìrì tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí iná wà ní àgbẹ̀dẹ. Ìdàrọ́ wà lẹ́nu àwọn oníṣègùn títí dòní. Wọn kò dédé wà. Ní 1904, òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba àmúnisìn ní Èkó, C. V. Bellamy, kọ àpilẹ̀kọ nípa abúlé kan nítòsí Ọ̀yọ́, Ola Igbi, níbi tí àwọn èèyàn ti ń yọ́ irin nínú ìléru alámọ̀. Ó rí i lójú ara rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ló wọ́n wa. Iná ni.

Ọ̀kan ṣoṣo ni Bàbá Àgbà fi ọwọ́ ara wọn kọ, wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́ kí n tó dé: *Ìléru Ńlá: ibí ni wọ́n ti ń yọ́ irin.* Wọ́n tún ti gbé gílóòbù pupa kékeré kan sínú rẹ̀.

Mo ní, "Bàbá Àgbà, ẹ má bínú, 'ń' tó wà níbẹ̀ yẹn..."

"Kí ló ṣe é?"

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe kọ́ọ̀sì gírámà Yorùbá mọ ohun tó ṣe é. Atọ́ka ibá atẹ́rẹrẹ ni. Ó lè túmọ̀ sí pé wọ́n ń ṣe nǹkan náà lọ́wọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ó sì lè jẹ́ bárakú, ohun tí wọ́n máa ń ṣe déédéé. Èyí tó wù kí ẹ mú, kò sí ìtumọ̀ kankan nínú rẹ̀ tó gba ohun tí wọn kò ṣe rí láyè. Mo ṣàlàyé rẹ̀ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́.

Bàbá Àgbà wò mí. "Ìwọ tí wọ́n bí ní 2003, ìwọ lo fẹ́ sọ ohun tí wọ́n ń ṣe ní Àjàòkúta fún mi?"

Mo dákẹ́. Kí ni ọmọ fẹ́ sọ sí i? Àwọn ni wọ́n wà níbẹ̀. Àwọn ni wọ́n mọ bí ọwọ́ ṣe ń yá nígbà tí irin ń gòkè lójoojúmọ́, tí àwọn ẹnjiníà ọ̀dọ́ ń ka ọjọ́ tí iná yóò jó. Fún ọjọ́ mẹ́ta, "gé e" àti "lẹ̀ ẹ́" nìkan ni ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wa.

Ọmọ ọdún méje kan láti ilé kejì ló tú wa sílẹ̀. Ó dúró níwájú ìléru, ó sì bèèrè, "Bàbá Àgbà, kí ni eléyìí ń ṣe?" Bàbá Àgbà ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, òkúta, kóòkì, afẹ́fẹ́, irin tó ń ṣàn bí omi tó pọ́n. Ojú ọmọ náà là. Ó ní, "Ẹ̀yin náà rí i nígbà tó ń ṣàn?"

Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n ní, "Mo rí i ní ilẹ̀ òkèèrè. N kò rí i ní Àjàòkúta."

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n pè mí. "Gbogbo ọ̀nà tí èèyàn lè gbà sọ gbólóhùn yẹn, kọ wọ́n sílẹ̀ kí n wò wọ́n." Mo kọ mẹ́rin.

*Ibí ni wọn yóò ti yọ́ irin.* Wọ́n mi orí. "Yóò ti pọ̀ jù. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́dọ̀ọ́ ni mo ti ń gbọ́ yóò."

*Ibí ni wọn ì bá ti yọ́ irin.* "Èyí ń ṣọ̀fọ̀. N kò tíì sin ẹnikẹ́ni."

*Wọn kò yọ́ irin níbí.* "Òótọ́ ni, àmọ́ ó ti ilẹ̀kùn pa."

*Wọn kò tíì yọ́ irin níbí.* Wọ́n ka èyí ní ẹ̀ẹ̀mejì. "Tíì," wọ́n ní. "Ó sọ òótọ́, kò sì ṣépè fún ẹnikẹ́ni."

Àwọn fúnra wọn ló yí ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀ padà. Wọ́n ní kì í ṣe irin ni àwọn fi gbogbo ọdún wọ̀nyẹn dúró dè, iná ni. Ohun tó wà lára rẹ̀ báyìí ni: *Ìléru Ńlá: wọn kò tíì dá iná sí i.* Wọ́n tú wáyà gílóòbù pupa náà kúrò lára súìṣì, wọ́n fi téèpù wé ẹnu rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kó dúró sábẹ́ pákó. Wọn kò yọ gílóòbù náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ kíkọ bọ́ sójú ọ̀nà. A mọ ohun tó yẹ ká máa bi ohun kọ̀ọ̀kan: atọ́ka wo ló tọ́ sí ọ? Ilé tí wọ́n ti ń tẹ irin gba "ti": *wọ́n ti tẹ irin níbí rí.* Òun la gbé iná pupa fún, nítorí pé iná wọ ibẹ̀ lóòótọ́. Ibùdókọ̀ Itakpe gba "ń": *ọkọ̀ ń lọ sí Warri láti ibí.* Ìléru gba "kò tíì." Ẹni tó bá rìn yí tábìlì náà ká lè ka ìtàn irin Nàìjíríà láti ara àwọn wúnrẹ̀n kéékèèké mẹ́ta yìí nìkan, kó má sì ka ọ̀rọ̀ orúkọ kankan.

Láti ìgbà náà, etí mi kò sinmi mọ́. Mo ń gbọ́ "ń" lórí rédíò níbi tí kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo ń rí "yóò" lára pátákó tí ojú ọjọ́ ti pa àwọ̀ rẹ̀ rẹ́. Ní Èkó, rélùwéè Blue Line ti gba "ń" rẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án 2023, láti Mile 2 dé Marina. Green Line, tí wọ́n ní yóò ti Marina wá sí apá ọ̀dọ̀ wa ní Lẹ́kí, "yóò" ló ṣì wà. Àwọn kan nínú wa máa di oníròyìn, àwọn mìíràn máa di ògbufọ̀ tàbí olùkọ́. Owó oṣù wa á wá láti ara irú sílébù yìí. Tí a bá kọ "ń" síbi tí "kò tíì" yẹ, kò sí ẹni tó máa mú wa. Àmọ́ ọmọ ọdún méje kan lè bi wá bóyá a rí i.

Bàbá Àgbà ti ra pláíwúùdù kẹfà. Iléeṣẹ́ irin Òṣogbo ló kàn, èyí tí wọ́n kọ́ kó máa tẹ irin tó bá ti Aladja, nítòsí Warri, dé. Ọlidé tó ń bọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé kí n ra gọ́ọ̀mù dání, kí n sì ti ronú nípa atọ́ka rẹ̀ kí n tó dé.